Táyé Lọ Ra Iyọ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Harriet ti máa ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń kẹ́ ẹ o. Ó ń wò ó bóyá ó gbóná, ó ń wò ó bóyá ó le, nítorí ọrùn ni àìsàn yẹn ti kọ́kọ́ mú Táyé. Bí ọrùn Kẹ́hìndé bá tutù, tó sì rọ̀, ìyá rẹ̀ á mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ooru oorun bá mú ara ọmọ náà lọ́ díẹ̀ pẹ́rẹ́n, ó parí nìyẹn, ọkàn Harriet kò ní balẹ̀ títí di ọ̀sán. Ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Kò ní tíì lajú tí yóò fi gbé àgbọ̀n sókè, kí ìyá òun tètè wo ọrùn kó sì jẹ́ kí òun sùn.

Ìgbà ogun Hítílà ni, ní Kàdúná, ní àdúgbò tí àwa ará ìsàlẹ̀, àwa Yorùbá, kún dẹ́múdẹ́mú. Silas Akínwùmí, ọkọ Harriet, jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ó sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Ìlá ni ìyá àgbà yìí ti wá nígbà tí wọ́n bí ìbejì, obìnrin méjèèjì. Ó ní òun kàn wá wẹ ọmọ ni. Àwọn ọmọ náà hu eyín, wọ́n rìn, wọ́n ń sọ èdè Háúsá ju Yorùbá lọ, ìyá àgbà kò ì darí sílé. Kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bi í léèrè, nítorí ẹnu ìyá náà kì í ṣe ẹnu à ń bá du ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń kí ara wa láàárọ̀. Ẹni kan á ní, “Ṣé dáadáa lẹ jí?” Ẹnì kejì á ní, “A dúpẹ́.” Ìbáà jẹ́ pé ilé ti wó lulẹ̀, ìbáà jẹ́ pé kò sùn mọ́jú, “a dúpẹ́” náà ni. Harriet kò sọ ọ́ mọ́. Láti ìgbà tí Táyé ti lọ, tí wọ́n bá kí i, “A jí” ni yóò dáhùn, kó tó máa bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò kàn lè gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jáde. Àwọn obìnrin kan ní ìgbéraga ni. Pásítọ̀ wá bá a sọ̀rọ̀ gígùn nípa ọpẹ́. Ó gbé omi fún pásítọ̀, ó jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi dìde.

Kí ló fẹ́ dúpẹ́ sí? Ìgbà tí ọyẹ́ lọ tán tí ooru dé ni sánkàráù wọ ìlú, bí àwọn Háúsá ṣe ń pe àrùn tó ń gan ọrùn ọmọdé yẹn. Táyé ní orí ń fọ́ òun nírọ̀lẹ́. Wọ́n yára gbé Kẹ́hìndé lọ sọ́dọ̀ Àdíját aládùúgbò wọn, ìyá Jimoh, ọmọ Ìlọrin, kí àrùn má baà ràn án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Táyé ti kọjá lọ. Nígbà tí wọ́n mú Kẹ́hìndé padà wálé, ó wo ẹní, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní, “Táyé dà?”

Harriet la ẹnu, igbe ló fẹ́ ké. Ìyá àgbà ló ṣáájú rẹ̀. “Táyé lọ ra iyọ̀,” ni ìyá náà wí, bí ẹni tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó sí yàrá. Ó ní nílé ti àwọn, wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Ó ní a máa ń ní ó lọ ra iyọ̀ ni, nítorí tí ẹnu bá fi lè pe ikú mọ́ ọ̀kan, èyí tó kù yóò gbọ́, yóò sì bá èkejì rẹ̀ lọ. “Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ ti gbọ́ o. Ẹni tó bá pe ọ̀rọ̀ yẹn sétí ọmọ mi, òun ló pa á.” Silas fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó pa ẹnu dé. Harriet kò tilẹ̀ jiyàn. Ọkàn tí ẹ̀rù bà kì í yan ohun tí yóò gbà gbọ́. Ó di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin: kí n má pè é, kí èyí tó kù má baà lọ.

Àfi pé ìyá àgbà kò rántí ibi tí òun wà. Ní Ìlá tiwọn, kí wọ́n ní ẹnì kan lọ ra iyọ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ní Kàdúná lọ́dún náà, wàhálà iyọ̀ ló gba ìlú. Ogun ti dí òkun, ọkọ̀ kò gbé e wá bí i tàtẹ̀yìnwá mọ́, ìjọba sì ń wọ̀n ọ́n fún ará ìlú ní kántì kan lẹ́bàá ọjà. Àwọn obìnrin á tò síbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, tàwo tigbá, ẹlòmíràn á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ọmọdé ìlú ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ra iyọ̀.

Kẹ́hìndé ń retí. Tí wọ́n bá ra àkàrà, ìyá àgbà á ra ti Táyé mọ́ ọn, torí bí a ti ń ṣe ti ìbejì nìyẹn. Kẹ́hìndé á fi ti Táyé pamọ́ títí yóò fi le. “Ìlà náà gùn ni?” ni yóò béèrè. Ìyá àgbà á ní ó gùn. “Ó ṣì wà lórí ìlà?” Ìyá àgbà á ní ó ṣì wà níbẹ̀. Harriet á dìde kúrò níbẹ̀, á lọ máa gbálẹ̀ tó ti gbá. Kí ọmọ náà má baà sunkún, ìyá àgbà á tún fi ọ̀rọ̀ ìbejì dá a lára yá: “Àbí ìwọ kọ́ lẹ̀gbọ́n? Táyé ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n ìwọ Kẹ́hìndé lo rán an pé kó lọ wo ayé wá. Iṣẹ́ rẹ ló ń jẹ́ látòní.” Ọmọ náà á gbọ́, á sì dákẹ́. Háà! Ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ kò mọ ohun tí ọmọ náà ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ lọ́kàn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ti wọlé, Harriet gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ láàárọ̀. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí iyọ̀ ti tán nílé. Silas jẹ ẹ́ bí ẹni ń lo oògùn, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Kẹ́hìndé tọ́ ọ wò, ó yọ ahọ́n síta.

“Kò ládùn.”

“Má ṣèyọnu,” ni ìyá àgbà wí. “Tí Táyé bá ti dé, ọbẹ̀ wa á dùn.”

Kẹ́hìndé gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ń wo ọbẹ̀ náà. Harriet rí i pé ó ń wò ó. Tó bá jẹ́ pé ó mọ̀, ì bá ti gbá a mọ́ra níjòókòó. Ṣùgbọ́n aṣọ wà nínú omi, òjò sì ń ṣú. Ó lọ ẹ̀yìnkùlé lọ fọ aṣọ. Nígbà tó fún èyí tó kẹ́yìn tán, ó pe Kẹ́hìndé pé kó wá bá òun di etí aṣọ mú. Kò gbọ́ ohùn. Ó tún pè. Ó wọlé, ìyá àgbà ń tògbé lórí àpótí, kò sí Kẹ́hìndé nínú yàrá, kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sí nílé ìdáná.

Ibi tó kọ́kọ́ sáré lọ ni kànga. Ó dojú bolẹ̀ létí rẹ̀, ó ń wo omi dúdú nísàlẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló rí níbẹ̀. Ó ki ọ̀pá bọ inú rẹ̀, ó rò ó, ó rò ó. Àdíját gbọ́ igbe, ó sáré yọ láti ilé kejì pẹ̀lú iyẹ̀fun lọ́wọ́. “Kí ló dé? Ìyá Ìbejì, kí ló dé?”

“Kẹ́hìndé! Ẹ bá mi wá Kẹ́hìndé!”

Wọ́n wọ ilé dé ilé. Àdíját ń fi Háúsá bi àwọn tó ń kọjá, wọ́n ń mi orí. Obìnrin kan tó ru nono, wàrà àwọn Fúlàní, ní òun rí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń dá rìn, ó gba ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ wo? Ìsàlẹ̀ ni odò wà! Odò Kàdúná sì ti kún, ó ti ń pọ́n, ó ń gbé ìtì igi lọ bí ẹni gbé koríko. Wọ́n rán ẹnì kan sí Silas. Ẹni náà kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Silas fi bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, odò ló kọrí sí, kò tilẹ̀ dé fìlà.

Harriet padà sílé lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ọmọ náà ti dé. Ìgbà náà ló rí i pé agolo mílíìkì méjì tí àwọn ìbejì fi ń mu omi kò sí lórí pákó mọ́. Ti Kẹ́hìndé kò sí, ti Táyé kò sí. Àkàrà Táyé tí wọ́n wé sínú ewé náà kò sí.

Ìyá àgbà rí ibi tó ń wò. Ó ní, “Yéè! Ó ti lọ bá a!” Ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì.

Ọ̀rọ̀ tí Harriet ti ń sá fún láti oṣù mélòó kan wá ti dé, wọ́n sì ti pè é níwájú rẹ̀. Ó rí odò náà lójú ara rẹ̀, ó rí agolo méjì tó léfòó lórí omi. Ó di òpó ilé mú. Ó ń sọ pé, “Mi ò pè é. Màmá, mi ò pè é rárá, mo pa ẹnu mi mọ́!” Ìyá àgbà ń sunkún.

Àdíját dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọ Ìlọrin ni, kò mọ àṣà ilé wọn ní Ìlá, kò sì ní sùúrù fún ẹkún. “Ẹ dákẹ́ ná. Bá ta ni? Níbo lẹ sọ fún ọmọ yẹn pé Táyé wà?”

“A ní ó lọ ra iyọ̀,” ni Harriet wí.

“Iyọ̀?”

“A ní ó lọ ra iyọ̀, Ìyá Jimoh.”

“Subuhanallahi! Ìyá Ìbejì, níbo ni wọ́n ti ń ta iyọ̀?”

Harriet wò ó. Lẹ́yìn náà ló bẹ́ jáde láìwọ bàtà, gèlè rẹ̀ já bọ́ lójú ọ̀nà, kò yí padà mú un. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àdíját ń sáré tẹ̀ lé e, ìyá àgbà náà ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá.

Kí wọ́n tó dé ibi kántì náà ni wọ́n ti ń gbọ́ ariwo. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn: ìlà kò sí mọ́, gbogbo ènìyàn á rọ́ gìrìrì. Àwo ń fọ́, ọmọ ń ké lẹ́yìn ìyá, àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tẹ obìnrin kan ní ọwọ́ fọ́ níbẹ̀, obìnrin tó tóbi ni o. Ọmọ tí kò ga dé ìbàdí ènìyàn, kí ni yóò kù lára rẹ̀? Harriet fi orí já àárín àwọn ènìyàn náà. Wọ́n bú u ní Háúsá, wọ́n bú u ní Núpé, ẹnì kan fi igbá gbá a lẹ́yìn. “Ìlà! Ìlà!” ni wọ́n ń pariwo, wọ́n rò pé iyọ̀ ló fẹ́ wá gbà. Ó ń pe Kẹ́hìndé, òjò ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé, kò sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó ń wolẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Ó rí bàtà ọmọdé kan nínú ẹrẹ̀. Ó mú un, kì í ṣe ti Kẹ́hìndé.

“Ìyá Ìbejì! Wo ọ̀hún!” Àdíját ló ké.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, lábẹ́ páánù tí òjò kò dé, Mahmud tó ń ṣọ́ kántì dúró, kòbókò rẹ̀ nà jáde bí ọ̀pá ìdènà. Lẹ́yìn kòbókò náà ni Kẹ́hìndé jókòó sí. Ó ká ẹsẹ̀ jọ. Agolo méjì wà níwájú rẹ̀, ó fi òkúta ti ọ̀kan bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi òkúta tọ́jú ipò fún ẹni tí kò tíì dé. Gbogbo ọmọbìnrin tó bá kọjá ló ń wò lójú.

Harriet kò mọ bí òun ṣe débẹ̀. Ó gbá ọmọ náà mú, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Mahmud ń fi Háúsá ṣàlàyé fún Àdíját. Ó ní ọmọ náà ní òun jẹ́ ọ̀kan nínú tagwaye, ìyẹn ìbejì, pé èkejì òun wá ra gishiri, òun sì ń dúró dè é. Ó ní òun gbé e síbi tí wọn ò ti ní tẹ̀ ẹ́. Ó ní àwọn obìnrin tó ń ra tiwọn jáde gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹnì kan fi ìka bu iyọ̀ díẹ̀ sí agolo rẹ̀, ọmọ náà sì ní wọn kò gbọdọ̀ bù ú sí ọ̀kan nìkan, ẹni tó bá fún òun gbọ́dọ̀ fún Táyé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bù ú sí méjèèjì. Harriet wo inú agolo náà. Iyọ̀ wà nínú wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn obìnrin tí ọbẹ̀ tiwọn náà kò ládùn nílé ló bù ú.

“Màmá,” Kẹ́hìndé wí, “Táyé ò sí níbí. Mo ti wo gbogbo wọn. Mo mú àkàrà rẹ̀ wá.” Ó fa aṣọ ìyá rẹ̀. “Èmi ni mo rán an, àbí? Mo wá sọ fún un pé kó máa bọ̀ ni. A lè jẹ ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò dùn, ṣùgbọ́n a lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Ìyá àgbà ti dé. Ó dúró nínú òjò, ó ń mi orí sí Harriet, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kí Harriet lè rí i. Harriet rí i. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà pọ̀ ju ti etí kànga lọ. Tí òun bá pè é, tó bá jẹ́ òótọ́ ni ìyá yìí ń sọ ńkọ́? Tí òun kò bá sì pè é, lọ́la ọmọ náà yóò tún wá síbi ìlà yìí, lọ́túnla yóò wọ ọkọ̀ ojú irin, yóò máa wá Táyé kiri gbogbo ibi tí iyọ̀ bá wà láyé, yóò sì máa rò pé òun ló rán an.

Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ di ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà mú.

“Táyé kú,” ló wí.

Ìyá àgbà ké. Kẹ́hìndé kò mira.

“Torí iyọ̀?”

“Rárá. Àìsàn ló pa á. Kò lọ ra iyọ̀ rárá.”

“Èmi kọ́ ni mo rán an?”

“Ìwọ kọ́, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó rán an.”

Ojú ọmọ náà rọ, ó rọ díẹ̀díẹ̀, ó wá bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun láti ìgbà tí wọ́n ti ń tàn án. Harriet bá a sun ún. Wọ́n sun ún débi pé àwọn obìnrin tó ń jà fún iyọ̀ dákẹ́, wọ́n là fún wọn kọjá. Àdíját ló gbé agolo méjèèjì, ó fi ìborùn bò ó kí òjò má baà yọ́ ọ.

Silas bá wọn nílé, ó ti tutù dé àyà. Inú odò ni ọkùnrin náà wọ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Harriet fi iyọ̀ agolo Kẹ́hìndé sínú ọbẹ̀, gbogbo wọn jẹ ẹ́. Mo fẹ́ purọ́ fún yín pé ọkàn wọn balẹ̀, ṣùgbọ́n kò balẹ̀. Wọ́n ti pe ọ̀rọ̀ náà. Ìyá àgbà kò bá Harriet sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹní rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó ní òun ni yóò ṣọ́ ọ. Harriet dùbúlẹ̀, ó ń fetí sí èémí ọmọ láti yàrá kejì, títí oorun fi gbé e lọ láìjẹ́ pé ó gbà fún un.

Ohùn kan ló jí i. Oòrùn ti là dáadáa.

“Ọrùn ń dùn mí o!”

Harriet fò dìde. Kò rántí bí òun ṣe gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Kẹ́hìndé jókòó lórí ẹní, ó di ọrùn mú, ojú rẹ̀ le, ó ń wo ìyá àgbà pẹ̀lú ìbínú. “Màmá, ẹ bá mi sọ fún ìyá àgbà! Wọ́n ń tẹ̀ mí lọ́rùn látàná! Wọn ò jẹ́ kí n sùn! Ebi sì ń pa mí!”

Ìyá àgbà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ní, “Mò ń wò ó bóyá ó gbóná ni.”

“Kò gbóná!” ni Kẹ́hìndé wí.

Harriet fọwọ́ kàn án. Ó tutù, ó rọ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Silas lẹ́nu ọ̀nà, ó ta bá Harriet, ó ràn mọ́ ìyá àgbà fúnra rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín tó ń nu ojú. Àdíját gbọ́ ọ láti ilé kejì, ẹ̀rù sì bà á, nítorí kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ nílé náà fún ìgbà pípẹ́.

“Ìyá Ìbejì! Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ṣé dáadáa lẹ jí?”

“A dúpẹ́!” ni Harriet dáhùn. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò jọ irọ́. Ó tún un sọ, jẹ́jẹ́, “A dúpẹ́, Ìyá Jimoh.”

Kẹ́hìndé ti dìde. Ó gbé agolo Táyé kúrò lórí pákó, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má baà dà, ó ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà Àdíját. Ìyá rẹ̀ kò dá a dúró, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e.

“Iyọ̀ Táyé ni,” ni ọmọ náà wí. “Ó ti kú. Ẹ máa fi se ọbẹ̀.”